Ìtàn Ẹkùn Ìdìbò Àpapọ̀ ti Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ ọ́ láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tí ń du ipò. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti tú ìdí ọ̀ràn kan palẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jiyàn lé lórí láì mọ orísun rẹ̀: kí ni à ń pè ní ẹkùn ìdìbò àpapọ̀, ta ni ó ń pa ààlà rẹ̀, báwo ni ó sì ti ṣe tí àgbègbè Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, tí kò bá Òṣogbo pín àga rárá ní ọdún 1992, fi di ẹni tí ń bá a pín àga kan ṣoṣo lónìí. A rò pé ó yẹ kí àgbà àti ọmọdé mọ ìtàn yìí, nítorí pé láti inú àìmọ̀ ni ìbínú púpọ̀ ti ń jáde, ìbínú tí ó ṣì ọ̀nà a sì máa jó ilé.

I. Ohun tí ẹkùn ìdìbò jẹ́

Ní ayé àwọn baba wa, ìlú kò ní àpótí ìbò, ṣùgbọ́n kò ṣàìní ẹnu tí ń bá a sọ̀rọ̀. Baálé ni ẹnu agbo-ilé, olóyè ni ẹnu àdúgbò, ọba ni ẹnu ìlú. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, tí àwọn ìlú ẹ̀bá Ọ̀ṣun sì bọ́ sábẹ́ ààbò rẹ̀, ètò mìíràn tún wọlé. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìjòyè kan ní Ìbàdàn tí ń gba ọ̀ràn rẹ̀ rò, èyí tí à ń pè ní babakékeré. Babakékeré náà a sì máa ní ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní ìlú. Ó jọ aṣojú, ṣùgbọ́n aṣojú tí ìlú kò yàn ni, tí ìlú kò sì lè yọ. Nínú èyí ni ìyàtọ̀ wà láàárín ètò ìgbà náà àti ti ìsinsìnyí.

Ẹkùn ìdìbò ni ilẹ̀ tí a fi ààlà yí ká, tí gbogbo olùdìbò inú rẹ̀ sì ń yan ẹnìkan tí yóò jókòó nítorí wọn ní ilé ìgbìmọ̀. Ohun mẹ́ta ni ó dúró lé: ààlà, iye ènìyàn, àti àga. Bí a bá yí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, a ti yí agbára àwọn tí ń gbé ibẹ̀ padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó kúrò nílé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí láti ọ̀dọ̀ wọn ni a ti gba ètò yìí. Títí di ọdún 1832, ibì kan wà tí à ń pè ní Old Sarum, òkìtì ahoro lásán ni, síbẹ̀ ó ń rán aṣojú méjì lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní London, nígbà tí Manchester, ìlú ńlá tí ó kún fún ilé iṣẹ́ òwú, kò ní ẹyọ kan. Òfin Àtúnṣe ti ọdún 1832 ni ó gba àga lọ́wọ́ irú àwọn ahoro bẹ́ẹ̀, tí ó sì fi í fún àwọn ìlú tí ènìyàn wà. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní ọdún 1812, a pa ààlà ẹkùn kan ní Massachusetts ní wíwọ́ àti wíwọ̀ kí ẹgbẹ́ kan lè borí, títí tí ó fi rí bí ẹranko abàmì. Orúkọ gómìnà ìgbà náà, Elbridge Gerry, ni a sì fi sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ di òní. A rí i nígbà náà pé ẹni tí ó bá mú kálámù ààlà lọ́wọ́ lè ṣe ohun tí ẹni tí ó di idà mú kò lè ṣe.

II. Ìgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Òfin ìjọba ti ọdún 1922 ni ó kọ́kọ́ fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣojú. Àga mẹ́rin péré ni: mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Ìdìbò àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1923, ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó. Ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí £100 lọ́dún, owó tí ó ga ju ohun tí akọ̀wé púpọ̀ ń gbà ní ọjọ́ wọnnì lọ. Ìlobùú, Ifọ́n, Òṣogbo, àní Ìbàdàn pàápàá pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kò ní olùdìbò kan. Ojú irin ti dé Òṣogbo láti ọdún 1907, ọjà ti gbèrú, ìlú sì ń kún, ṣùgbọ́n ìbò kò bá ọkọ̀ ojú irin wá.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1947, ó sì fún Ìwọ̀-Oòrùn ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1951 ni ọ̀ràn ìbò wá dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará oko àti abúlé. Ṣùgbọ́n nípa àtẹ̀gùn ni a fi gòkè: àdúgbò yan àwọn kan, àwọn tí a yàn yìí péjọ láti yan àwọn mìíràn, àwọn wọ̀nyí ni ó sì yan ará ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ará ilé Ìbàdàn ni wọ́n tún yan àwọn tí yóò lọ sí Èkó láti inú ara wọn. Ẹni tí ó dìbò ní Ìlobùú kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹnìkan ní Èkó kí ó wí pé, "Èmi ni mo rán an."

Ọdún 1954 ni a tó fi ìbò yan aṣojú sí Èkó tààrà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nínú àga 184 tí ó wà nílé náà, 42 ni a fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ìwé owó-orí ni ìwé ẹ̀rí olùdìbò. Nítorí náà ọ̀pọ̀ obìnrin, àwọn ìyá wa tí ń gbé ọjà ró, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni ilẹ̀kùn náà ṣí pátápátá fún wọn ní ìhà Gúúsù. Àwọn obìnrin ìhà Àríwá dúró títí di ọdún 1976 kí ó tó kàn wọ́n.

Ọdún 1959 yìí náà ni ọdún tí a bí ẹkùn ìdìbò àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n. A pín gbogbo Nàìjíríà sí ẹkùn 312, aṣojú kan fún ẹkùn kan, a sì gbìyànjú kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn bí 100,000. Àríwá gba 174, Ìlà-Oòrùn 73, Ìwọ̀-Oòrùn 62, Èkó 3. Ìlú kéékèèké tí ó yí ìlú ńlá ká kò lè dá ní ènìyàn 100,000. Nítorí náà a níláti so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ìgbálẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo àgbègbè Ọ̀ṣun: pẹ̀lú ta ni a ó so wá, orúkọ ta ni ẹkùn náà yóò sì jẹ́?

Ìdìbò àpapọ̀ kejì lẹ́yìn èyí, tí a ṣe ní ìparí ọdún 1964, kún fún ìjà àti ìkọ̀yìn-sí. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 1965, tí a dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, iná ti ràn: a ń sun ilé, a ń sun ènìyàn. Àwọn sójà gba ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966, gbogbo ẹkùn 312 náà sì parẹ́ bí ìrì òwúrọ̀.

III. Láti 42 sí 23

Ọdún mẹ́tàlá kọjá kí a tó tún dìbò. Ní ọdún 1979 ilé náà padà pẹ̀lú ẹkùn 450. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, tí Ìlobùú àti Ifọ́n wà nínú rẹ̀, gba àga 42. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn. Ilẹ̀ tí ó ní àga 42 nígbà náà ni ó di ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun lónìí, nítorí ọdún 1991 ni a gé Ọ̀ṣun kúrò tí a sì fi Òṣogbo ṣe olú-ìlú rẹ̀. Ọ̀yọ́ ní àga 14 nísinsìnyí, Ọ̀ṣun ní 9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 23. Àga 19 ti lọ.

Níbo ni wọ́n lọ? Àwọn kan ń wí pé a jí wọn ni. A kò lè gbè sí èyí lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí ìṣirò náà ní àlàyé. Èkínní, ilé náà fúnra rẹ̀ kéré sí i, láti 450 di 360. Èkejì, iye tí a kà wá sí ni ó dín kù nígbà tí a bá fi wá wé àwọn ìyókù. Nínú ìkànìyàn ọdún 1963, ilẹ̀ tí ó di ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ènìyàn bíi mílíọ̀nù 5.2 nínú mílíọ̀nù 55.7 ti gbogbo Nàìjíríà. Èyí lé ní 9 nínú 100. Àga 42 nínú 450 náà lé ní 9 nínú 100. Nínú ìkànìyàn ọdún 1991, ilẹ̀ kan náà ní bíi mílíọ̀nù 5.6 nínú mílíọ̀nù 89. Èyí jẹ́ bí 6 nínú 100. Àga 23 nínú 360 pẹ̀lú jẹ́ bí 6 nínú 100. Àga ń tọ ìkànìyàn lẹ́yìn bí òjìji ti ń tọ ènìyàn.

Òtítọ́ ni pé a jiyàn púpọ̀ lórí ìkànìyàn 1963, ó sì ṣeé ṣe kí a ti fi kún un nígbà náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò yí padà: ẹni tí ó sá fún akànìyàn, tàbí tí ó fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ nítorí ẹ̀rù owó-orí, tàbí tí ó ń gbé Èkó tí ó sì ní ilé ni wọn yóò ti ka òun, ti fa àga ìlú rẹ̀ sẹ́yìn.

IV. Ọdún tí a dá jókòó

Ní ọdún 1992, nígbà tí ìjọba sójà ń ṣètò láti fi ipò sílẹ̀, a gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀: kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹkùn ìdìbò àpapọ̀ kan. Nípa bẹ́ẹ̀ iye àga ilé náà sún mọ́ 600. Ìdìbò rẹ̀ wáyé ní oṣù Keje ọdún náà. Èyí ni ìgbà tí Ìrẹ́pọ̀dùn, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú rẹ̀, kò níláti bá Òṣogbo pín àga. Ó ní aṣojú tirẹ̀, tí ó mọ ọ̀nà oko rẹ̀, tí kò sì ní olú-ìlú ńlá kan tí yóò kọ́kọ́ tọ́jú kí ó tó bojú wẹ̀yìn.

Ìlànà náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó kún fọ́fọ́ àti èyí tí ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ ń rán ẹnìkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ìbò ọkùnrin kan ní ibì kan sì wúwo ju ti ẹnìkejì rẹ̀ ní ibòmíràn lọ ní ìlọ́po. Ṣùgbọ́n fún ìlú tí ó wà lẹ́bàá olú-ìlú, ó jẹ́ àkókò ìmí-sínú. Kò pẹ́. Nígbà tí ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, ó tú ilé náà ká, ẹkùn Ìrẹ́pọ̀dùn sì di ohun àtijọ́ kí ọmọ tí a bí ní ọjọ́ ìdìbò rẹ̀ tó lè rìn dáadáa.

Ní ọdún 1996 a tún ààlà pa, a pín orílẹ̀-èdè sí 360, òfin ìjọba ti ọdún 1999 sì gba nọ́ńbà náà wọlé. Láti ìgbà náà ni a ti so ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin pọ̀ ní ẹkùn kan: Òṣogbo, Ọlọ́rundá, Ìrẹ́pọ̀dùn tí olú rẹ̀ jẹ́ Ìlobùú, àti Òròlú tí olú rẹ̀ jẹ́ Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, tí ó ní àga 26, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òròlú jùmọ̀ ní ẹyọ kan.

V. Ẹrù náà wúwo jù

Òfin ọdún 1999 wí pé kí iye ènìyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ara wọn bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ jẹ́ kí a fi ìkànìyàn ọdún 2006 wọ̀n ọ́n. Nàìjíríà ní ènìyàn 140,431,790. Bí a bá pín in sí 360, ẹkùn kan yóò ní bí 390,000. Nínú ìkànìyàn kan náà, Ìrẹ́pọ̀dùn ní bí 119,000, Òròlú bí 103,000; bí a bá fi Òṣogbo àti Ọlọ́rundá kún un, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ní 500,000. Nítorí náà aṣojú wa kan ń ru ẹrù tí ó fi ènìyàn tí ó lé ní 100,000 wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, Ọ̀ṣun ní ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.4; bí a bá pín in sí 26, àga kan yóò ní bí 131,000; ṣùgbọ́n Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òròlú, tí àpapọ̀ wọn lé ní 220,000, ń jókòó lórí àga kan ṣoṣo.

Èyí ni ẹjọ́ tòótọ́ tí àwa ará àgbègbè yìí ní, ó sì jẹ́ ẹjọ́ tí ìṣirò lè rò láìsí ariwo. Ó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí pé Ìlobùú nìkan kọ́ ni ó ni ín, Ifọ́n nìkan kọ́ sì ni. Ohun tí ó dun ọ̀kan ni ó dun èkejì.

VI. Ààlà ìbò kì í ṣe ààlà oko

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn. Ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 2025 ó tún ru sókè, ó sì kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, títí tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé ní àwọn ìlú náà. A pàdánù ẹ̀mí, a jó ilé, àwọn tí ó ti fẹ́ ọmọ fún ara wọn, tí wọ́n ń ná ọjà kan náà, ń sá fún ara wọn lójú ọ̀nà.

A gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé bí a bá fún ìlú àwọn ní ẹkùn tirẹ̀, ìjà ilẹ̀ yóò parí, nítorí ààlà ẹkùn ni yóò di ààlà ilẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ohun kan náà yìí, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ kọ àtúnṣe. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Ààlà ẹkùn ń sọ ibi tí ènìyàn yóò ti dìbò. Ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ń sọ ẹni tí yóò gba owó ọjà, tí yóò sì tún ọ̀nà ṣe. Kò sí èyí tí ó ń sọ ẹni tí baba rẹ̀ kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀. Ẹni tí ó ní oko kọjá ààlà kò pàdánù oko náà nítorí pé a ya ìlà sórí ìwé.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi òtítọ́ kan pamọ́. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Nítorí náà ìlà ìjọba ìbílẹ̀ kò ṣàìní agbára, ẹ̀rù tí ń ba àwọn àgbẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí a jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wọn ilẹ̀ náà lójú àwọn àgbà ìlú méjèèjì, kí kóòtù sọ èyí tí ó bá kù, kí a sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí ó bá sọ. Àpótí ìbò kò lè ṣe iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àdá kò lè ṣe iṣẹ́ kóòtù.

VII. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Òfin fi àtúnyẹ̀wò ààlà ẹkùn sí ọwọ́ àjọ INEC. Àjọ náà lè tún un wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, tàbí nígbà tí a bá ka ènìyàn tuntun. Ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Àbújá ni yóò sì fọwọ́ sí i kí ó tó lè múlẹ̀. Láti ọdún 1996 wá, ẹkùn wa ṣì wà bí a ti pa á.

Èkínní, kí gbogbo ilé jẹ́ kí a kà wọ́n nígbàkigbà tí ìkànìyàn bá tún dé, olúkúlùkù níbi tí ó ń gbé ní tòótọ́. Èkejì, kí Olóbùú àti Olúfọ́n pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀ wọn jùmọ̀ fi ọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo sí àjọ INEC, kí wọ́n fi nọ́ńbà wọ̀nyí hàn, kí wọ́n sì bèèrè pé kí a dín ẹrù ẹkùn yìí kù. Ìwé méjì tí ń ta ko ara wọn ni a ń jù sínú àpótí. Ìwé kan tí ìlú méjì tí ń jà fi ọwọ́ sí yóò ya ẹni tí ó bá kà á lẹ́nu. Ẹ̀kẹta, kí ìlú kọ̀ọ̀kan má ṣe gba olùdíje kankan gbọ́ tí ó bá ń ṣèlérí ilẹ̀ ìlú kejì fún un nítorí ìbò. Kò ní ilẹ̀ náà láti fi fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí ó sọ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìrẹ́pọ̀dùn kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n mọ̀ pé ìrẹ́pọ̀ ni ó dùn. Títí a ó fi tún ààlà pa, ẹnu kan ni Ìlobùú àti Ifọ́n ní nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sórí àga náà kò lè sọ̀rọ̀ fún ìlú kan kí ó má sọ fún èkejì. Bí ìlú méjèèjì bá sì ń bá ara wọn jà, òun náà yóò dákẹ́, nítorí kò ní mọ ohun tí a rán an.

Kí Ọlọ́run fún àwọn àgbà wa ní ọgbọ́n, kí ó sì fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní sùúrù láti gbọ́ ọ.